Bí Ẹgbẹ́ Tí Kò Fẹ́ Wa Ṣe Tú Ká Níṣojú Mi

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kan ilẹ̀kùn Màmá ní Mulhuddart, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, orí rẹ̀ ti pá, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú kan tí wọ́n rán àsíá Ireland kékeré mọ́ láyà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo báàjì ilé-iṣẹ́ wa tó wà lọ́rùn mi, ó tún wò mí. Ó wá yíjú sẹ́yìn, ó pariwo sínú ilé pé:

"Màmá, ẹni tí kì í ṣe ará ibí ni wọ́n rán wá o."

Ohùn arúgbó kan dáhùn láti inú yàrá: "Ṣé ìwọ lo fẹ́ wẹ̀ mí ni? Jẹ́ kó wọlé jàre, òtútù ń wọlé."

Bí mo ṣe dé inú ilé yẹn nìyẹn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe ní Dublin, iṣẹ́ tí àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń pè ní kíà. Màá wọ bọ́ọ̀sì ní Tyrrelstown níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé, màá sọ̀ ní Mulhuddart, màá wẹ Màmá, màá wọṣọ fún un, màá se oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, a ó sì jọ mu tíì kí n tó kọjá sílé ẹlòmíràn. Ìbàdí rẹ̀ ló dá nígbà tó ṣubú nínú bálùwẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ẹnu rẹ̀. Etí òkun lápá ìwọ̀-oòrùn Ireland ni wọ́n bí i sí, níbi tó jẹ́ pé èdè Áírìṣì ni wọ́n ń sọ nínú ilé, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti di ọmọge kó tó wá sí Dublin. Ó máa ń pè mí ní "a stór", ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìṣúra mi. Èmi náà ń pè é ní Màmá. Ilé-iṣẹ́ wa ní orúkọ gan-an ni kí á máa pe àwọn tí à ń tọ́jú, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á kí n máa pe orúkọ ẹni tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ.

Ọmọ ọkùnrin méjì ló bí. Ẹ̀gbọ́n ni ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi yẹn. Àbúrò rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lo gíláàsì, kì í sì í gbé ojú kúrò lára fóònù. Kálukú wọn ní ilé tirẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí wọn kì í yà kí ìyá wọn. Tí mo bá ní wọn kì í ṣe ọmọ gidi sí ìyá wọn, irọ́ ni mo pa.

Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ wọn fún mi. Mò ń bu omi sí i lẹ́yìn nínú bálùwẹ̀ nígbà tó ní:

"A stór, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìta lo ti máa gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ kan. Wọ́n ní aláwọ̀ funfun nìkan ló ni Ireland. Èyí àgbà ni alága wọn, àbúrò rẹ̀ ni akọ̀wé."

Kànìnkànìn bọ́ sínú omi lọ́wọ́ mi. "Àwọn tó ń tò kiri ìgboro pé kí á máa lọ sílé wa?"

"Àwọn náà ni. Àwọn tí kò lè fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun! Tí èyíkéyìí nínú wọn bá sọ ìsọkúsọ sí ọ, sọ fún mi. Mo ṣì lágbára àtifọ́ wọn létí."

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mulhuddart yẹn náà lòun ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. "Pe ọ́fíìsì yín lọ́la," ó ní, "kí wọ́n rán ẹlòmíràn lọ síbẹ̀." Ọmọ wa obìnrin, tó wà ní yunifásítì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin ló fi máa ń dá wa lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ló dìbò fún alága ọ̀hún. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo tún ronú kan Màmá, bó ṣe máa ń di apá mi mú ṣinṣin tó bá ń jáde nínú omi, mo sì sọ fún ọkọ mi pé ó di ìgbà tí mo bá rí ohun tí ojú mi kò gbà kí n tó kúrò.

Fún ìgbà pípẹ́, n kò rí nǹkan kan. Tí mo bá ti wọlé, Ẹ̀gbọ́n á bọ́ sí ọgbà ẹ̀yìn ilé, á máa wo ewéko bí ẹni pé ó sọ nǹkan nù sínú rẹ̀. Àbúrò á mi orí sí mi, á tún bojú wo fóònù. Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí di ọjọ́ bánà.

Ọjọ́ náà, mo bá àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀ ní ilẹ̀ kíṣìnì. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun gbọọrọ kan láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí síńkì, Ẹ̀gbọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kọ lẹ́tà ńláńlá sí i. Wọ́n fẹ́ gbé e jáde ní ìgboro lópin ọ̀sẹ̀.

"Má tẹ̀ ẹ́ o," ó sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ lójúkojú nìyẹn.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá wọ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ dé ẹ̀yìn mi, ó na ọrùn, ó ka ohun tó wà lára aṣọ náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi tí mo fi ní láti gbá a mú kó má baà ṣubú.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?" ló béèrè.

"Pé àwa la ni Ireland," Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ní èdè wa."

"Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ nìyẹn. Níbo ni àmì orí lẹ́tà àkọ́kọ́ wà? Tí àmì bá wà lórí rẹ̀, Ireland ni. Tí kò bá sí àmì, ẹrù ni, irú ẹrù wíwúwo tí bàbá mi máa ń dì lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn. Ẹ̀ ń lọ sọ fún gbogbo Dublin pé ẹ̀yin lẹ ni ẹrù!"

N kò ní í lọ́kàn láti dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi igi nà ní ilé-ìwé nítorí pé kò fi àmì sí ẹrù, ẹ̀rù àti ẹrú bó ṣe yẹ, kò sí bí kò ṣe ní yé e kí Màmá tó parí ọ̀rọ̀. Mo bo ẹnu mi, mo kọjú sí ògiri, mo ń wúkọ́ irọ́, èjìká mi sì ń gbọ̀n.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé Àbúrò náà rẹ́rìn-ín.

"Mo ní kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "O ní o mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ lo kọ ọ́ sórí bébà fún mi!"

"Mo fi àmì sí i. Ìwọ lo fò ó. Kì í kúkú ṣòní lo ti ń fo nǹkan."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá agolo ọ̀dà, ọ̀dà sì dà sórí aṣọ náà àti sórí táìlì Màmá. Kí wọ́n tó nu ún tán, Àbúrò ti ya fọ́tò bánà náà, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ó ní eré lòun ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n kò rí eré níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí àwọn méjèèjì sí ara wọn, bánà yẹn ló kàn dáná sí i. Àbúrò ní Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, pé òun nìkan ló máa ń di gbohùngbohùn mú ní gbogbo ìwọ́de. Ẹ̀gbọ́n ní Àbúrò ń wá ipò alága lọ́nà ẹ̀yìn. Lópin ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ mi pè mí wá wo fídíò kan lórí fóònù rẹ̀. Àwọn ọmọ Màmá nìyẹn láàrin ìgboro, níwájú àwọn èèyàn wọn, tí wọ́n ń fa gbohùngbohùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọn kò mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo òpópónà ló gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n rara: "Fi sílẹ̀! Bó o ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyí!" Ohùn Àbúrò sì tẹ̀ lé e: "Màmá ní ká jọ máa lò ó!" Ọkọ mi tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wa, ó sì tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni ẹgbẹ́ náà ṣe pín sí méjì. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, nítorí kálukú ní òun lòun ni ín. Àbúrò fi "gidi" sí ìparí orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́, òun náà fi "gidi" sí tirẹ̀. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìyá kan ni wọ́n jọ ní, kò sì sí ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda ìyá fún ẹnì kejì. Tí mo bá dé, màá bá ọ̀kan ní kíṣìnì, màá bá èkejì ní pálọ̀, èmi á sì wà láàrin.

"Sọ fún ẹni tó wà ní pálọ̀ kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tèmi," Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

Mo lọ jẹ́ ẹ fún un. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí.

"Sọ fún ẹni tó wà ní kíṣìnì pé mò ń mu tíì."

Mo jẹ́ ìyẹn náà. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n tún ya ẹnu pé "Sọ fún un pé—", mo dúró sáàrin kọ́rídọ̀, mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," mo ní, "ìyá yín ni mo wá tọ́jú. Ẹ ò fẹ́ kí n gbé ní ìlú yín, èmi náà lẹ tún wá ń rán níṣẹ́ sí ara yín?"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín Màmá láti inú yàrá. Ẹ̀gbọ́n jáde ní kíṣìnì, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, ó kọjá lára mi lọ sí pálọ̀, ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀. Àbúrò fún un ní kọ́kọ́rọ́, Ẹ̀gbọ́n sì lọ gbé ọkọ̀ náà kúrò fúnra rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n ti ń kí mi. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ ìnuwọ́, á máa nu abọ́ tí mo bá fọ̀, á sì máa ro ẹjọ́ àbúrò rẹ̀ fún mi. Tí Ẹ̀gbọ́n bá lọ, Àbúrò á wá dúró síbi tó dúró sí, á ro tirẹ̀. Wọn kò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè ro ó fún. Tí wọ́n bá sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́, àwọn yòókù á ní wọ́n ti fẹ́ yíhùn padà. N kò ní parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ìsìn bá parí, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa á yí mi ká, wọ́n á ní kí n fún àwọn ní ìròyìn ìjọba Mulhuddart. Ìyá àdúrà kan nínú ìjọ wa bá mi wí pé kí n má máa yọ̀ sí ìṣubú ọ̀tá. Ó wá fà mọ́ mi, ó rọra béèrè pé, "Ta ló wá mú gbohùngbohùn báyìí?"

Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo tó mọ̀ pé ìjà wọn kì í ṣe ohun ẹ̀rín nìkan.

Nínú ẹgbẹ́ Àbúrò, ọkùnrin kan wà tó ní irùngbọ̀n pupa. Ó lọ sá pamọ́ sí ibùdókọ̀ tó dojú kọ ilé Màmá, ó sì fi fóònù ká mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Ó gbé fídíò náà sórí ìkànnì wọn, ó kọ ọ́ sí i pé kí àwọn èèyàn wá wo ẹni tó ń wẹ ìyá alága tó ní kí gbogbo ará Áfíríkà máa lọ. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ dójú tì, ṣùgbọ́n ojú tèmi ló hàn. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ fídíò náà, n kò ní tún un sọ níbí. Mo fi ìbòrí bo ojú mi nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, n kò sì gbé orí sókè títí mo fi sọ̀.

Ọ́fíìsì wa pè mí, wọ́n ní nítorí ààbò mi, àwọn á gbé mi kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi ní ó ti tó. Èmi náà gbà pé ó ti tó. Wọ́n rán ọmọbìnrin òyìnbó kan lọ dípò mi. Màmá kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ojú fèrèsé ló ti bá a sọ̀rọ̀ pé ó dà bí ọmọ dáadáa, pé kó máa lọ sílé. Ó wá pe fóònù mi.

"A stór, wọ́n ní kí o máa lọ, o sì ti lọ? Ṣé ìwọ náà ti wọ ẹgbẹ́ wọn ni?"

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá, ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ọ́," ó ní. "Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n n kò tíì wẹ̀."

Mo padà. Ọkọ mi gbàyè níbi iṣẹ́, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A bá Àbúrò níwájú ìyá rẹ̀, ó ń búra pé òun kò mọ̀ sí i, pé òun ti ní kí onírùngbọ̀n pupa yọ fídíò náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọ̀, ó tún pe òun ní amí tí ẹ̀gbọ́n òun rán wá. Ó kọjú sí èmi àti ọkọ mi, ó ní kí a má bínú. Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ pé mo ti gbàgbé.

Àwọn èèyàn Ẹ̀gbọ́n náà kò jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ, kó lé mi. Nígbà tí kò lé mi, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá dúró níwájú ilé ìyá rẹ̀. Àwọn ti Àbúrò gbọ́, ni wọ́n bá ní àwọn náà ń bọ̀ wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àti Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò, kò sí ẹni tó sọ fún mi.

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Oòrùn ràn, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí. Bí mo ṣe sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo rí èrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpópónà Màmá, àsíá kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo dúró ní ibùdókọ̀, mo gbàdúrà, mo ti fẹ́ tẹ ọkọ mi láago. Ìgbà yẹn ni mo wá ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ara wọn ni wọ́n kọjú sí.

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni àwọn apá ọ̀tún ń pariwo.

"Amí!" ni àwọn apá òsì ń dá wọn lóhùn.

Obìnrin kan tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n dá àsíá ńlá àwọn padà. Mo gbá báàgì mi mọ́ra, mo gba àárín òpópónà lọ tààrà. Ọ̀dọ́kùnrin kan fara ti géètì Màmá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọjá." Ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó ṣí géètì fún mi, ó dì í mú títí mo fi wọlé, ó sì rọra pa á dé. Lẹ́yìn náà ló tún yíjú padà, ó ń pariwo pé kí gbogbo àjèjì máa lọ. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí n tètè rí ojú kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí.

"Wọ́n ní kí n lé ọ," ó ní.

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní èwo nínú wọn ló máa wá wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀."

Màmá jáde nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀wù ìwọ̀sùn rẹ̀, ọ̀pá ìtìlẹ̀ níwájú. "Ṣílẹ̀kùn fún mi," ó sọ fún mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i, mo sì di ìgbànú ẹ̀wù rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

Ó dúró sójú àtẹ̀gùn, ó gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Áírìṣì. N kò tíì gbọ́ kó sọ ọ́ gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wọn dákẹ́, apá ọ̀tún, apá òsì. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó rò pé ó ń yìn wọ́n ni. Ẹlòmíràn gbà á, àwọn òdìkejì náà kò fẹ́ kẹ́yìn, ni gbogbo òpópónà bá ń pàtẹ́wọ́ fún Màmá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn láti ọjọ́ bánà.

Onírùngbọ̀n pupa ló nahùn sí Ẹ̀gbọ́n: "Kí ló ń sọ?"

"Mi ò mọ̀," Ẹ̀gbọ́n dáhùn láti ẹ̀yìn mi.

"Èmi náà ò mọ̀," ni Àbúrò wí láti òdìkejì òpópónà.

Ìgbà yẹn ni Màmá wá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. "Mo ní kẹ́ ẹ kúrò lórí òdòdó mi, ẹ̀yin aláìlójútì! Mo ní mo mọ ìyá ìwọ yìí, mo mọ ìyá àgbà ìwọ yẹn, màá sì pè wọ́n lórí fóònù nísinsìnyí!"

Wọ́n wolẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n ti tẹ òdòdó yẹ́lò tó fi yí ọgbà rẹ̀ ká pa. Ẹni tí Màmá mọ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ká àsíá rẹ̀, ó fi í sábẹ́ abíyá. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi máa dé, èmi, Màmá àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù, Màmá sì bi àwọn ọlọ́pàá bóyá wọ́n á mu tíì.

Àwọn èèyàn Ẹ̀gbọ́n fi ẹlòmíràn jẹ alága, alága tuntun náà sì bá ìgbákejì rẹ̀ jà. Àwọn ti Àbúrò lé e, wọ́n tún pín sí méjì, onírùngbọ̀n pupa sì kó ìdajì lọ. Ọmọ mi ló ń bá mi tọpa rẹ̀ títí a fi gbọ́ pé ìdajì yẹn náà ń bá ara wọn jà lórí orúkọ. N kò sọ pé irú wọn ti tán ní Dublin. Wọ́n wà, wọ́n sì ń dẹ́rù bani. Èyí tí mo rí ni mò ń sọ.

Màmá ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá tún òdòdó rẹ̀ gbìn. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé kíṣìnì, àwọn géńdé méjì lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí kálukú kẹ́yìn sí ẹnì kejì. Wọ́n ṣe é títí. Ẹ̀gbọ́n ló wá ní, "Fún mi ní ọkọ́ kékeré yẹn." Àbúrò nà án sí i. Màmá, tó jókòó sídìí fèrèsé, lu ọwọ́ mi pẹ́pẹ́, ó ní, "Gírándì," bí àwọn ará Dublin ṣe máa ń sọ pé ó ti dára.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà kí n tó bi Ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn mi. Ó ń nu abọ́ lọ́wọ́. Mo ní, "Kí lo ń wá nínú ẹgbẹ́ yẹn gan-an?"

Ó nu abọ́ kan fún ìgbà pípẹ́. "Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tèmi. Ìyàwó mi ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ́ alága, tí mo bá la ẹnu báyìí, gbogbo yàrá á dákẹ́."

"Àwa tí ẹ fẹ́ lé lọ ńkọ́?"

"Mi ò ro tiyín rárá." Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀. "Mo mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló burú jù."

"Ó burú lóòótọ́," mo ní, mo sì fún un ní abọ́ mìíràn.

Ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì kò dé, Ẹ̀gbọ́n ní òun á gbé mi délé. Mo rò ó kí n tó wọ ọkọ̀. Bí a ṣe yà wọ Tyrrelstown, mo rí i pé ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti sọ̀rọ̀ nípa àdúgbò wa lórí gbohùngbohùn láìmọye ìgbà, òun kò sì dé ibẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sílé ìyá rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò, dúdú àti funfun, wọ́n ń bú ara wọn ní ohùn kan náà tí òun fi ń bú àbúrò rẹ̀.

"Ó dákẹ́ rọ́rọ́ níbí," ó ní.

Ọkọ mi jáde sójú ìloro, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó mọ ẹni tó gbé mi wá. Ẹ̀gbọ́n sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, ó kí i. Ọkọ mi rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka tẹ táyà ẹ̀yìn.

"Táyà yìí ti rọ̀," ó ní. "Má gbé e lọ báyìí."

Ó wọlé lọ mú ohun tó fi ń fẹ́ táyà jáde. Àwọn méjèèjì tẹ̀ ba sídìí táyà, wọn kò sọ nǹkan kan ju ọ̀rọ̀ táyà lọ, èmi sì di agbòjò mú lórí wọn títí ó fi kún. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, ọkọ mi nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni."

"Kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀," ó ní, a sì wọlé lọ jẹun.